Canon R7 àti lẹ́ńsì RF 100-400mm fún yíya fọ́tò ẹyẹ
Lẹ́ńsì yìí kò wúwo ju 635 g lọ. Kámẹ́rà R7 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì jẹ́ 612 g. Sẹ́ńsọ̀ (ojú tó ń gba àwòrán) kékeré inú kámẹ́rà ń jẹ́ kí 400mm rí bí 640mm, bí ẹni pé ẹyẹ sún mọ́ wa sí i. Ìmọ́lẹ̀ ni ìṣòro: f/8, ihò kékeré, ni ojú lẹ́ńsì ṣí mọ ní 400mm. Lábẹ́ igi, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀) á lọ sókè, ìyẹ́ á wá rí bí iyanrìn. Fún ẹyẹ tó ń fò, ẹ lo ìyára ṣọ́tà 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó bà sórí ẹ̀ka, 1/500 tó o. Ẹ yẹra fún ṣọ́tà aláìdún tó ń ya fọ́tò 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: apá ẹyẹ á wọ́, torí díẹ̀díẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ń ka àwòrán. Ṣọ́tà ẹ̀rọ tó ń dún, tó ń ya 15, ló dáa jù. Lẹ́ńsì náà kò ní ààbò òjò, ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń ta ìbòrí oòrùn rẹ̀. Ahun gbáà ni Canon!