Wọ́n ní “ohun kan náà ni ma”: kápúsù ojú tí mo rà fún ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o. Kápúsù ojú tó ní beta-carotene (èròjà inú ẹ̀fọ́ àti èso tí ara máa ń sọ di fítámì A) àti èyí tí kò ní kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni yòówù tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má gbà. Tí ẹni tó fẹ́ lò ó bá ń mu sìgá, tàbí ó ti mu ún rí kó tó jáwọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Èyí tó ní beta-carotene ni ilé iṣẹ́ tí mo ti rà á yìí gbé fún mi, wọ́n sì tún ń bá mi jiyàn lórí fóònù lé e lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo rà á fún. Ó mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fi í sílẹ̀, a dúpẹ́ pé ó fi í sílẹ̀. Dókítà ojú wá rí i pé ó ní AMD, àrùn tó máa ń jẹ ibi tí ojú fi ń rí ọ̀kánkán bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, tó jẹ́ pé tó bá le tán, èèyàn á ṣì máa rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣùgbọ́n ojú ẹni tó dúró níwájú ẹ̀ ni kò ní rí mọ́. Ti ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà ní ìpele àárín. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé AREDS2, àpòpọ̀ fítámì àti síńkì fún ojú tí kò ní beta-carotene, ni kó máa lò, ó sì fa ìlà sábẹ́ 2 yẹn. Èmi ni mo bá a rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí lẹ́tà wẹ́wẹ́ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Páálí tètè dé, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn níbẹ̀. Wọ́n dì í dáadáa, èdìdì ìgò ò já. Àwọ̀ ìgò yẹn náà ni, àwòrán ẹyinjú tó wà níwájú ẹ̀ náà ni, àfi 2 tí mi ò rí. Mo yí ìgò padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nínú ẹ̀: fítámì C mílígíráàmù 500, ó dáa, fítámì E 400 IU, ó dáa, síńkì 80, kọ́pà 2, lutein kò sí, zeaxanthin kò sí, àwọn èròjà méjì tó yẹ kó wà ní ipò beta-carotene. Níbi tí wọ́n kọ fítámì A sí, wọ́n wá fi lẹ́tà tíntìntín kọ ọ́ sínú àkámọ́ pé beta-carotene ni gbogbo ẹ̀. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn o, ẹni tó bá ń wá orúkọ beta-carotene gàdàgbà lára ìgò lè má rí i, abẹ́ fítámì A ló máa ń wà.

Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè nọ́ńbà ọ́dà mi, mo fún un.

“Ẹ má bínú ma, èyí tí ẹ fẹ́ ti tán nílẹ̀, a wá fi èyí tó jọ ọ́ rọ́pò. Ohun kan náà ni ma.”

Mo ní, “Kì í ṣe ohun kan náà o, àbúrò mi. Ẹni tó fẹ́ lò ó ti mu sìgá rí.”

“Háà, ìyẹn gan-an ló fi dáa fún wọn ma. Antioxidant ni, ohun tó ń dènà ìbàjẹ́ nínú ara, á bá wọn fọ ẹ̀dọ̀fóró mọ́.”

Ẹ gbọ́ ná! Á bá wọn fọ ẹ̀dọ̀fóró mọ́! Ọwọ́ tí mo fi di fóònù mú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo bi í pé ta ló kọ́ ẹ ní èyí, ó ní ohun tí wọ́n kọ fún àwọn láti máa sọ nìyẹn. Mo wá sọ fún un, mi ò pariwo o, pé ní Finland, wọ́n kó ọkùnrin tó lé ní 29,000 jọ, amusìgá ni gbogbo wọn, wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní beta-carotene mílígíráàmù 20 lójúmọ́, torí pé wọ́n ti rí i pé àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa kì í sábà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n wá rò pé tí àwọn bá fi ohun tó wà nínú ẹ̀fọ́ yẹn sínú kápúsù, á dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, àwọn tó ń lo beta-carotene ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí láàárín wọn, ó fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún dán an wò lára àwọn tó lé ní 18,000, àwọn amusìgá, àwọn tó ti jáwọ́, àti àwọn tó ti fi asbestos, ohun ìkọ́lé tí ekuru ẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ṣiṣẹ́. Mílígíráàmù 30 pẹ̀lú fítámì A ni wọ́n lò. Wọ́n ní láti dá a dúró ní oṣù kìíní ọdún 1996 láìtíì pé àsìkò tí wọ́n dá fún un, torí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ikú pàápàá fi ìdá 17 pọ̀ sí i.

Ọmọbìnrin yẹn dákẹ́. Ó ní kí n dúró díẹ̀ ma. Orin bẹ̀rẹ̀. Orin yẹn pẹ́ débi pé mo ti mọ ibi tó ti máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó wá gbé e ni ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan báyìí, òun ló sì bà á jẹ́ pátápátá. Kò béèrè pé ta ló fẹ́ lo oògùn, kò béèrè nípa sìgá. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé ó wà nínú àdéhùn wọn pé tí ọjà bá tán, àwọn lè fi èyí tó jọ ọ́ rọ́pò, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo sanwó. Mo ní ta ló sọ pé ó jọ ọ́? Ó ní kọ̀ǹpútà ló so wọ́n pọ̀, oògùn ojú ni méjèèjì. Mo tún ṣàlàyé. Ó ní, “Madam, fítámì ni, fítámì ò lè pa èèyàn lára,” ó wá ní òun máa fún mi ní ẹ̀dínwó lórí ìgò tó kàn. Ẹ̀dínwó! Mo ń sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bá mi ná ọjà! Mo gé fóònù kí n má baà sọ ohun tí kò yẹ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìdí tí AREDS2 fi wà rárá nìyẹn. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́, AREDS, tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ojú ṣe, èsì ẹ̀ jáde ní 2001, mílígíráàmù 15 beta-carotene wà nínú ẹ̀. Nígbà tó di 2013, AREDS2 jáde, wọ́n dán lutein mílígíráàmù 10 àti zeaxanthin 2 wò ní ipò beta-carotene, ó sì ṣiṣẹ́. Wọn ò tiẹ̀ fún àwọn tó ń mu sìgá lọ́wọ́ ní beta-carotene nínú ẹ̀, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ṣì pọ̀ jù láàárín àwọn tó lò ó, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ló sì jẹ́ àwọn tó ti mu sìgá rí. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 lẹ́yìn tí wọ́n ti tọpa wọn fún ọdún mẹ́wàá fi hàn pé ewu yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn tó ti jáwọ́ o! Irú ẹ̀gbọ́n mi gan-an.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí chat, mo fi fọ́tò ìgò méjèèjì sí i, èyí tí mo fẹ́ àti èyí tí wọ́n gbé wá. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn: “A dúpẹ́ fún ìfẹ́ yín sí wa.” Mo ti pinnu pé tó bá ti rí báyìí, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa fún wọn, màá sì kọ ọ́ síbi gbogbo.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún. Apòògùn ilé iṣẹ́ wọn ni. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ ma. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó bẹ̀ yín rárá, ṣé ẹ̀gbọ́n wa ti lò nínú ẹ̀?” Mo ní rárá, èdìdì ẹ̀ ò tíì já. Ó mí kanlẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Kó má fọwọ́ kàn án o. Ẹ̀tọ́ ni kí inú bí yín.”

Ẹ ẹ̀ mọ bí ọkàn mi ṣe rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ìgbà wo ni wọ́n fi sìgá sílẹ̀, oògùn wo ni wọ́n tún ń lò, ṣé wọ́n ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí fítámì E tó pọ̀ báyìí pẹ̀lú warfarin lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ó ní síńkì 80 yẹn, ìlọ́po méjì 40 tí wọ́n ní kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí èèyàn kàn máa dá a lò láìsí dókítà, síńkì tó pọ̀ máa ń dí kọ́pà lọ́nà nínú ara, ìyẹn sì lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ohun tí wọ́n fi fi kọ́pà 2 sí i nìyẹn. Kí ẹ̀gbọ́n mi má tún lọ máa lo fítámì míì tó ní síńkì kún un.

Mo bi í ní ìbéèrè tó le. Mo ní fítámì E 400 IU yẹn kọ́, ṣé kì í ṣe òun náà ni wọ́n fún àwọn ọkùnrin nínú àyẹ̀wò SELECT, tó fi jẹ́ pé ní 2011 wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ próstéètì fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lo fítámì E nìkan? Kò yẹ̀ ẹ́. Ó ní òótọ́ ni, ohun tó yẹ kí ọkùnrin bá dókítà ẹ̀ sọ ni, kí wọ́n sì máa yẹ próstéètì wò, àti pé ẹni tí ojú ò ṣe kò gbọ́dọ̀ lò ó bí ẹni tó ń lo fítámì lásán, torí kò ní ṣe é lóore. Fún ẹni tó wà ní ìpele bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, ó lè fi bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín ewu kí àrùn náà le sí i láàárín ọdún márùn-ún kù. Kì í dá ojú tó ti lọ padà. Òun gan-an ló sọ ọ́, òun tí iṣẹ́ ẹ̀ ni kí ọjà tà.

Ó fi AREDS2 ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kò gba kọ́bọ̀, ó sì rán ẹni tó wá gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ò fẹ́ kó wà nílé wa kí ẹlòmíì má baà ṣèèṣì lò ó.

Ìgò tó tọ́ yìí ńkọ́? Lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ mọ́, gbogbo ìwọ̀n ló wà níbẹ̀. Kápúsù ẹ̀ tóbi díẹ̀. Ẹ má lò ó lórí inú òfìfo, èébì á máa gbé e yín bíi ti ẹ̀gbọ́n mi nítorí síńkì, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lẹ́yìn oúnjẹ ló tó rọrùn.

Ṣùgbọ́n inú tún bí mi nígbà tí mo ṣí ìwé pẹlẹbẹ tó wà nínú páálí yẹn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé antioxidant àwọn ń dènà jẹjẹrẹ, ó ń lé àrùn ọkàn, ó ń dá ogbó dúró! Wọ́n tún fi máàkì gàgàrà ORAC, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára antioxidant, yangàn, ORAC tí ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti yọ àtòkọ ẹ̀ kúrò lórí wẹ́ẹ̀bù wọn láti 2012, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn. Ní 2022, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbani nímọ̀ràn lórí dídènà àrùn sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n má lo beta-carotene tàbí fítámì E láti fi dènà jẹjẹrẹ tàbí àrùn ọkàn. Ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn ni wọ́n fún ọmọbìnrin orí fóònù láti máa kà fáwọn èèyàn, mi ò bínú sí òun náà mọ́. Àwọn tó kọ ọ́ ni mo ń bínú sí. Ẹ wo apòògùn tí ẹ ní nínú ilé, ẹ fún un ní bírò kó bá yín tún ìwé yẹn kọ!

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Apòògùn yẹn ló ni gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà á, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí ẹ ti máa sanwó, àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti bá yín fi àmì sí pé ẹ gbà kí wọ́n fi òmíì rọ́pò tí tiyín bá tán. Apòògùn ní òun ti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára kápúsù ojú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán báyìí, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ yọ àmì yẹn kúrò kí ẹ tó sanwó.