Old Bailey Online: ẹ máa wo iye ẹrù tí wọ́n jí

Akọ̀wé kóòtù ni mí. Bí mo bá ṣí ìwé ẹjọ́ olè, iye ẹrù tí wọ́n jí ni ojú mi kọ́kọ́ ń wá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìkànnì yìí gan-an. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹjọ́ tó lé ní 197,000 ló wà níbẹ̀, láti ọdún 1674 títí di 1913, látinú Old Bailey, kóòtù ńlá tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn Lọ́ńdọ̀nù àti Middlesex tó yí i ká. Ẹni tó bá ń wá ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Manchester kò ní rí i níbẹ̀.

Ẹ tẹ 39s (ìyẹn ṣílè 39) sí àyè ìwákiri, kí ẹ wo bí ẹjọ́ á ṣe máa rọ́ jáde. Láti ọdún 1713 títí di 1827, ẹni tó bá jí ẹrù tó tó 40 ṣílè nínú ilé onílé, ikú ni òfin là sílẹ̀ fún un. Àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n pè láti dá ẹjọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní olè náà jẹ̀bi lóòótọ́, àmọ́ wọ́n á ní ẹrù ọ̀hún kò ju 39 ṣílè lọ. Ṣílè kan péré ló yọ ọrùn ẹlòmíì nínú okùn! Inú mi máa ń dùn sí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹjọ́ Mary Wade, oṣù January 1789. Ọmọdébìnrin ni. Òun àti Jane Whiting, ọmọ ọdún 14, bọ́ aṣọ lára ọmọ ọdún mẹ́jọ: kaba òwú, ìborùn àti fìlà. Gbogbo rẹ̀ kò tó 10 ṣílè. Àmọ́ ẹ̀sùn ìfipájalè ni wọ́n fi kàn wọ́n, bí ẹrù ṣe kéré tó kò sì lè gbani nínú ìyẹn. Wọ́n dájọ́ ikú fún àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, wọ́n yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n fi ọkọ̀ Lady Juliana gbé Mary lọ sí Ọsirélíà, ibẹ̀ ló dàgbà sí títí tó fi kú lọ́dún 1859.

Àwòrán ojú ìwé àtijọ́ wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tún tẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí pé lẹ́tà s wọn fara jọ f. Ẹjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kì í ju ìlà díẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí 1780 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí ti ń sọ̀rọ̀ fúnra wọn.