Ẹ̀rọ BP ti apá àbí ti ọrùn ọwọ́: èwo ni kí ẹ rà fún àgbàlagbà ilé?

Mo ti fowó ra méjèèjì. Rọpárọsẹ̀ ló mú ẹ̀gbọ́n Màmá mi. Dókítà ní iṣan ọrùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ló há, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ọjọ́ pípẹ́ wà lára ohun tó fà á. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré ra ẹ̀rọ BP, èyí tí à ń fi wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí, fún Màmá ní Oǹdó.

Ti ọrùn ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ rà. Ó dín lówó, wọn ò sì ní máa ká apá bùbá sókè. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà ní déédéé àyà. Bí ó bá rẹlẹ̀ sí ọkàn, iye tí ẹ máa rí á ga ju òótọ́ lọ. Bí ó bá ga ju ọkàn, á wálẹ̀. Orí itan ni Màmá ń gbé ọwọ́ lé. Àràárọ̀ ni wọ́n ń rí 160 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn ìlọ́po méjì láìsọ fún wa, títí òòyì fi gbé wọn ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Òru ọjọ́ náà ni mo gbéra ní Àkúrẹ́.

Lẹ́yìn tí ara wọn balẹ̀, dókítà ní kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Dókítà fi ìrọ̀rí gbé ọwọ́ náà dé déédéé àyà, ó tún ẹ̀rọ kan náà tẹ̀. Ó fi nǹkan bí 20 wálẹ̀ níṣojú wa.

Ti apá kì í fa irú ìyẹn tó bẹ́ẹ̀, torí ibi tí à ń wé e mọ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn. Aṣọ rẹ̀ tí à ń wé mọ́ apá ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ó bá kéré sí apá, òun náà á sọ iye tó ga jù. Téèpù télọ̀ ni mo fi wọn apá Màmá yí ká, ní agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá: 35 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí páálí rẹ̀ fún mi ní Ọjà Ọba, 22 sí 32 ni wọ́n kọ sára aṣọ rẹ̀. Mo dá a padà, mo wá èyí tó dé 42.

Ti ìrìn-àjò, ti ọrùn ọwọ́ ló rọrùn. Bátìrì kò yàtọ̀ púpọ̀. Èyí tó wù kí ẹ rà, kí àgbàlagbà jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ nílẹ̀, kó má sọ̀rọ̀, kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nílé, bí ó bá ń dé 135/85 lemọ́lemọ́, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹni tí apá rẹ̀ tóbi ju aṣọ tó wà lọ́jà lọ lè lo ti ọrùn ọwọ́, tó bá ń rántí gbé ọwọ́ sókè. Fún àgbàlagbà tó ń dá wo BP rẹ̀ ní yàrá, ti apá ni kí ẹ rà, kí ẹ sì gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì, kó fi wé tiẹ̀, kí ẹ tó gba ohun tó ń sọ gbọ́.