Ẹ̀rọ amómigbóná fún ilé ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́: oníná, onígáàsì, onígò tàbí onípẹlẹbẹ?

Kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn mú omi gbóná tó béèrè iye lítà tó ń gbà, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ìgbà mélòó lọ́sẹ̀ ni omi ẹ̀rọ kì í yọ ládùúgbò mi? Àwọn tó ń ta ọjà yìí kì í bi èèyàn bẹ́ẹ̀. Iye lítà, iye ìgò àti iye ọdún onídùúró (garantí) ni wọ́n máa ń kà síni létí. Ní Kétu tiwa yìí ní ilẹ̀ Benin, orí ilẹ̀ gíga ni ìlú wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn, àwọn ìyá wa sì mọ ohun tí ojú wọn rí lórí omi pípọn kí ẹ̀rọ SONEB, ilé iṣẹ́ omi Benin, tó dé. Ẹ̀rọ náà dé, ọpẹ́ ni, àmọ́ kì í yọ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ omi tí kì í yọ yìí ló jẹ ilé wa lówó jù, òun ni mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Ilé wa ti lo onígò rí, èyí tí ìgò gbọọrọ ń fi gba oòrùn. Onípẹlẹbẹ, ti àpótí olójú gíláàsì, ló wà lórí òrùlé báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń lo oníná, àbúrò bàbá wa ní Sábẹ̀ẹ́ sì ń lo onígáàsì. Mo ti wẹ̀ nílé gbogbo wọn.

Ta ló nílò rẹ̀?

Omi tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde níbí ti lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi 27°C. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó gba lítà 15, láti gbé e dé 40°C tó tó ìwẹ̀, kò gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin kWh kan, ìyẹn ẹyọ iná kan tí mítà ń kà. Nítorí náà, ẹni tó ń dá gbé, tó jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ nìkan ló ń fi omi gbígbóná wẹ̀, kẹ́tùlù iná ti tó o. Kó fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Kó ṣáà má lo irin lílọ́ tí wọ́n ń tì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á wá fi iná sí. Ó ti pa èèyàn.

Ilé tí èèyàn pọ̀ sí ni mo ń kọ èyí fún: ilé tí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn wà, ilé tí abiyamọ tuntun wà. Ẹ mọ bí omi ọlọ́mọ tuntun ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa. Ti àárọ̀ wà, ti alẹ́ wà, omi tó gbóná dáadáa tí ìyá àgbà máa fi aṣọ tẹ ikùn rẹ̀, ti ọmọ fúnra rẹ̀ tún yàtọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè lo lítà 150 lóòjọ́. Láti gbé lítà 150 kúrò ní 27 dé 50°C, kWh mẹ́rin ló ń gbà, ojoojúmọ́ ayé. Bí ẹ bá fi igi ṣe é lórí àdògán olókùúta mẹ́ta, nǹkan bí ìdá 10 sí 15 péré nínú 100 ooru igi náà ló ń wọ inú ìkòkò. Ìyókù ń bá afẹ́fẹ́ lọ, èéfín rẹ̀ sì ń wọ ojú àti àyà ẹni tó ń koná.

Oníná

Èyí tí kò ní táǹkì, tó ń mú omi gbóná bó ṣe ń kọjá lọ, máa ń fẹ́ tó wáàtì 3500. Lórí iná 220 fọ́ọ̀tì, áḿpíà 16 nìyẹn. Áḿpíà 5 tàbí 10 ni SBEE, ilé iṣẹ́ iná Benin, fún ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ lọ wo mítà yín kí ẹ tó san owó, nítorí bí ẹ bá ṣí i báyìí, iná gbogbo ilé á lọ. Bí mítà bá gbà á, ẹ̀rọ yìí ò burú fún ẹni méjì: omi wa kì í tutù púpọ̀, nítorí náà ó lè fúnni ní nǹkan bíi lítà mẹ́rin omi ìwẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Elétáǹkì kì í fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wáàtì 1500 tàbí 2000 tó fún un. Àmọ́ ooru ń jò lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹnikẹ́ni ì báà má wẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi í sílẹ̀ ní títàn: ìdájí ló ń tàn án, á pa á kí àwọn ọmọ tó wẹ̀, owó tó ń rà sórí káàdì iná sì dínkù gan-an. Bí iná bá lọ ní ìdájí, omi tútù ni wọ́n ń fi wẹ̀ lọ iléèwé. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà nínú méjèèjì, kí oníṣẹ́ iná fa waya ilẹ̀ sí i, kó sì fi ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò tó mílíáḿpíà 30 sí i. Omi àti iná ni à ń sọ yìí.

Onígáàsì

Ó yára, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú SBEE. Àwọn kan nínú wọn kì í gbiná bí omi ò bá ní ipá, táǹkì tó wà lórí ìdúró kúkúrú kì í sì tó fún wọn. Ẹ dákun, ẹ má gbé e sínú ilé ìwẹ̀ láé. Gáàsì tó ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ ò tó máa ń mú kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, oorun ló fi ń gbé èèyàn lọ. Ìta gbangba, lábẹ́ ìbòrí páánù, ni àbúrò bàbá wa so tirẹ̀ mọ́.

Onígò àti onípẹlẹbẹ

Bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi tó bá gbóná á fúyẹ́, á gòkè wọ inú táǹkì, èyí tó tutù á sọ̀kalẹ̀ wá gba ipò rẹ̀. Kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á. Onípẹlẹbẹ jẹ́ àpótí tí wọ́n fi gíláàsì bò lójú, irin dúdú àti páìpù bàbà ló wà nínú rẹ̀. Onígò ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ ìgò gbọọrọ tí ara wọn jẹ́ ìlọ́po méjì, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde, bíi ti fíláàsì tí à ń rọ tíì sí.

Ẹni tó ń ta onígò á sọ fún yín pé ó gbóná ju ìkejì lọ. Ní ìlú òtútù, òótọ́ ni. Àyè tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ooru sá lọ sínú afẹ́fẹ́ tútù. Tiwa ńkọ́, tí afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ jẹ́ 30°C lọ́sàn-án? Ooru tí ìgò ń dá dúró ò tó nǹkan mọ́, gíláàsì pẹlẹbẹ sì ń gba oòrùn wọlé dáadáa. Ní Ísírẹ́lì, láti ọdún 1980 ni òfin ti sọ pé kí ilé tuntun ní ẹ̀rọ amómigbóná olóòrùn. Onípẹlẹbẹ ló pọ̀ jù lórí òrùlé wọn, òtútù ibẹ̀ sì ju ọyẹ́ wa lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi.

Nínú onígò tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, omi wà nínú ìgò gan-an. Bí ẹ̀rọ SONEB ò bá yọ fún ọjọ́ mélòó kan, táǹkì omi tútù á gbẹ, àwọn ará ilé á lo èyí tó gbóná tán, omi tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìgò á máa hó lábẹ́ oòrùn títí á fi gbẹ pẹ̀lú. Ìgò tó gbẹ lójú oòrùn lè gbóná ju 200°C lọ. Bí omi bá wá yọ lọ́sàn-án gangan, omi tútù á rọ́ wọlé, gíláàsì á sán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sí lórí òrùlé, a ò mọ nǹkan kan àfi ìgbà tí a gbọ́ ìró, tí omi gbígbóná sì ń ṣàn láti orí páánù bọ́ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí àwọn ọmọ máa ń ṣeré. Ọlọ́run ló yọ wá, wọn ò sí níbẹ̀.

Ìgò kan ṣoṣo ló fọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Àmọ́ bí ìgò kan bá fọ́, ojú ihò rẹ̀ ni gbogbo omi táǹkì á gbà jáde, èyí tó kù náà á sì tún gbẹ. A pe ẹni tó tà á fún wa, ó ní onídùúró ò kan ìgò tó bá fọ́. A wá òmíràn ní Kétu, a ò rí. A ránṣẹ́ sí Kútọnu, ìgò dé, kò bá ihò mu, nítorí àwọn kan fẹ̀ ní mílímítà 47, àwọn mìíràn 58, gígùn wọn náà ò dọ́gba. Nígbà tí a rí èyí tó bá a mu, rọ́bà tó ń dí ẹnu ihò ti le, ó ń jò. Omi tún lọ lọ́dún yẹn kan náà, ìgò mìíràn tún lọ. Owó tí a ná lórí ìgò, rọ́bà, ọkọ̀ àti oníṣẹ́ ti fẹ́ ra idajì onípẹlẹbẹ kí a tó yọ ọ́ kúrò.

Onípẹlẹbẹ náà máa ń gbóná burúkú bó bá gbẹ. Àmọ́ bàbà ni omi tútù ń bá pàdé nínú rẹ̀, kò dé ibi tí gíláàsì wà. Láti ìgbà tó ti wà lórí òrùlé wa, omi ti lọ, ó ti dé, ó tún ti lọ, kò sí ohun tó fọ́.

Kí n sọ ti onígò náà. Owó rẹ̀ kéré ju ti onípẹlẹbẹ lọ lọ́jọ́ tí a bá ń rà á. Lọ́jọ́ tí ìkuukùu bò ojú ọ̀run, ó máa ń ṣe dáadáa. Oríṣi kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀pá bàbà ló wà nínú ìgò, omi kì í wọ ibẹ̀ rárá. Bí ìgò ti èyí bá fọ́, ooru ló máa dínkù, omi ò ní dà. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ onígò ni ọkàn yín fẹ́, èyí ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó bá ti ní ti àkọ́kọ́ sílé, kó wá tapólì kan sítòsí: bí omi ò bá yọ, kó fi bo ìgò, kó sì ti fáàfù títí di alẹ́ kó tó jẹ́ kí omi wọlé.

Ibi tí onípẹlẹbẹ ti rẹlẹ̀ ni omi líle. Páìpù inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, èépá funfun lè dí i. Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín. Bí èépá bá nípọn nínú rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fa omi láti inú kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ wọ àpáta bíi ti Sábẹ̀ẹ́, ẹ béèrè oríṣi tí omi tó ń yí nínú páìpù rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ ó fi wẹ̀. Kí oníṣẹ́ sì máa yọ ọ̀pá magnesium inú táǹkì wò lọ́dọọdún. Ọ̀pá yẹn ni ìpẹtà ń jẹ dípò táǹkì. Bó bá tán, táǹkì ló kàn.

Ìyókù, ní ṣókí

Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tó ń mú iná wá fún táǹkì oníná: pánẹ́ẹ̀lì méjì ti wáàtì 500 lè ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ bá ti onípẹlẹbẹ mítà méjì níbùú-lóròó dọ́gba, kò sì sí omi lórí òrùlé. Ẹ má so ó mọ́ tẹ́mósítáàtì lásán, ìyẹn ohun tó ń pa iná bí omi bá ti gbóná tó, iná tààrà pánẹ́ẹ̀lì á jó ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́: iná tó ń lò jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti táǹkì oníná, oju ọjọ́ wa sì bá a mu. Owó rẹ̀ ga, àwọn tó lè tún un ṣe ò pọ̀.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tí omi rẹ̀ kì í lọ, tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò pọ̀, onígò lè tó o. Ẹni tó ń háyà ilé, kó ra oníná kékeré tó lè yọ lọ́jọ́ tó bá ń kó lọ. Ẹni tó ń ṣe ilé ìgbàlejò tí gáàsì kì í wọ́n ládùúgbò rẹ̀ lè ronú onígáàsì. Ilé tó kù, ilé tí àgbà àti ọmọ jọ wà, tí SONEB ń yọ lónìí tí kò yọ lọ́la, onípẹlẹbẹ ni, pẹ̀lú táǹkì omi tútù tirẹ̀ tó ga ju táǹkì gbígbóná lọ.

Bí ẹ bá rà á, gúúsù ni kí ojú rẹ̀ kọ sí, kó sì dagun ní 15 sí 20 dígírì, torí gúúsù ni oòrùn máa ń yà sí lóṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní tí ọyẹ́ ń mú. Omi inú táǹkì lítà 150 tó kún nìkan tó kílò 150 kí a tó ka irin àti gíláàsì mọ́ ọn. Orí dálì (òrùlé oníkọnkéré) tàbí ìdúró onírin ni kí wọ́n gbé e lé, páánù lásán ò lè gbé e. Kí wọ́n fi fóòmù wé páìpù omi gbígbóná látòkè dé ilé ìwẹ̀. Ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú gíláàsì, ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Omi rẹ̀ lè kọjá 60°C, ìyẹn sì ń bó awọ ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá: omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí kí oníṣẹ́ fi fáàfù tó ń po tútù mọ́ gbígbóná sí i. Bí ìkuukùu bá bo ojú ọjọ́ fún ọjọ́ púpọ̀, tí omi táǹkì kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣáá, ẹ tan irin iná àfikún inú rẹ̀, bó bá ní in, títí yóò fi dé 60°C, nítorí kòkòrò Legionella, tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ń bí sí i nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wá, ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ kánjú yín. Kí wọ́n fi aṣọ bo gíláàsì rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e gòkè, kí wọ́n sì rọ omi kún un ní ìdájí tàbí lálẹ́. Nígbà tí omi bá ń jáde lẹ́nu fáàfù òkè láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́ ni kí wọ́n tó ṣí aṣọ.