Ẹ̀rọ DSA fún akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ agbáṣẹ́ṣe

Ètò DSA fúnra rẹ̀, màá fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ tó kó ẹ̀rọ wá fún mi, méjì péré, ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, torí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa níbí pé DSA ò wúlò, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀. DSA wúlò. Àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: DSA, ìyẹn Disabled Students' Allowance, ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ àkàndá, tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, tàbí tó ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó ń mú kí ìwé kíkà àti kíkọ nira fún èèyàn. Student Finance England ló ń bójú tó o fún àwa tí a wà ní England. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní tiwọn. Kì í ṣe ẹ̀yáwó, ẹnikẹ́ni kì í dá a padà, wọn kì í sì í béèrè iye tí bàbá tàbí ìyá ẹni ń gbà lóṣù. Ní 2022/23 tí mo wọlé, £25,575 ni wọ́n lè ná lé akẹ́kọ̀ọ́ kan lórí lọ́dún, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti 2025/26 jẹ́ £27,783. Ẹ má retí pé owó yẹn á wọ àkáǹtì yín o. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ àtàwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lò ó ló sábà máa ń lọ tààrà. Tó bá wá kan kọ̀ǹpútà, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò san £200 àkọ́kọ́ látinú àpò ara rẹ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ kọ́ ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, ẹni tó sanwó kò sì ní fojú kan ẹ̀rọ náà láé. Ojú ẹni tó ń sanwó ni ọlọ́jà ń wò. Gbogbo ìyà tó jẹ mí lẹ́yìn ìgbà náà, ibẹ̀ ló ti wá.

Kí n tó dé orí ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn òbí. Púpọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ kí ọmọ wọn dáhùn ìbéèrè nípa àìlera lórí fọ́ọ̀mù UCAS, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè àyè ní yunifásítì. Wọ́n á ní kí ọmọ má fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn, pé yunifásítì ò ní gbà á. Màmá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ìfẹ́ ló sì mú un sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin Equality Act ti 2010 kò fàyè gba yunifásítì láti torí àìlera kọ èèyàn sílẹ̀. Bí ẹ bá fi pamọ́, ìrànwọ́ lẹ ń fi du ọmọ yín. Ẹni tó bá sì fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Nàìjíríà kò lè gba DSA; ọmọ onílùú, ẹni tó ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ ìparí, àti ẹni tí ìjọba gbà gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi ni wọ́n sábà máa ń fún. Síbẹ̀ òfin 2010 yẹn kan náà de yunifásítì lórí ọ̀rọ̀ onífísà pẹ̀lú. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àkàndá nílé ẹ̀kọ́ yín, ẹ béèrè ohun tó tọ́ sí yín.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tèmi. Glaucoma ló mú mi lójú. Ojú ọ̀tún kò ríran mọ́ rárá; ti òsì ń rí ọ̀gangan iwájú rẹ̀ nìkan, bí ẹni ń yọjú láti inú páìpù. Obìnrin tó ṣe àyẹ̀wò ohun tí mo nílò mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Kò bi mí pé irú láptọ́ọ̀pù wo ni mo fẹ́. Ó ní kí n ṣí ìwé kan kí n kà á sétígbọ̀ọ́ òun, ó wá ń wo bí mo ṣe ń tẹ orí wálẹ̀ tí imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló kọ ìwé rẹ̀: láptọ́ọ̀pù tó ní 16GB RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́; bó bá kéré, ẹ̀rọ á máa falẹ̀), mọ́nítọ̀ ínṣì 27, apá irin tí a ó fi so mọ́nítọ̀ náà mọ́ tábìlì, kí n lè máa fà á wá síwájú ojú mi dípò kí n máa na ọrùn lọ bá a, kíbọ́ọ̀dù onílẹ́tà gàdàgbà, àti Fusion. JAWS, tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ síta, àti ZoomText, tó ń sọ ọ́ di ńlá, ni wọ́n pa pọ̀ di Fusion. Ó kọ ọ́ kedere pé 16GB kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́, pé Fusion wúwo.

Nígbà yẹn agbáṣẹ́ṣe pọ̀. Aṣàyẹ̀wò a máa gba ìwé iye owó lọ́wọ́ méjì nínú wọn, èyí tó bá dínwó ni ìjọba sì sábà máa ń fọwọ́ sí. Lójú ẹni tó ń ṣọ́ owó ìlú, ó bójú mu. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń bí: ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà á wá ibi tó ti lè gé owó kù, ibi tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kò ní tètè rí ló sì máa gé e sí.

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní wọ́n ń retí ẹrù. Mo tún pè, ohùn mìíràn ni mo bá, wọ́n tún ní kí n sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹrù fi máa dé, mo ti fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Orí fóònù ni mo ti ka gbogbo ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, títí orí fi ń fọ́ mi lálaalẹ́.

Awakọ̀ gbé páálí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n buwọ́ lùwé, ó lọ. Owó ìtòpọ̀ wà nínú ìwé iye owó wọn, ìyẹn ni pé onímọ̀ ẹ̀rọ ló yẹ kó wá tò ó. Kò sẹ́ni tó wá. Àbúrò mi ló bá mi tú páálí. Ó yọ apá irin náà síta, ó dára, ó lágbára, síkúrù mẹ́rin wà nínú ọ̀rá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ padà kó lè dè é mọ́ ọn. Ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ ń dán gbọ̀ọ̀rọ̀. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á káàkiri, èmi náà fi tèmi pa á, kò sí ibi tí síkúrù á gbà wọlé. Wọ́n fi apá irin ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú mọ́nítọ̀ tí apá irin kankan kò lè dì mú. Ẹni tó kó méjèèjì sínú ọkọ̀ kan náà kò bi ara rẹ̀ léèrè pé kí lẹni tí wọ́n ń gbé e lọ fún fẹ́ fi ṣe.

Ìyẹn ṣì rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Fusion. Ó wà lórí láptọ́ọ̀pù lóòótọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ó dákẹ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án, ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú mìíràn, ó tún dákẹ́. Ẹni tó mọ JAWS á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: bí wọn kò bá fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ sí i, ogójì ìṣẹ́jú ló máa ń ṣiṣẹ́, kó tó ní kí o tún kọ̀ǹpútà tàn. Ìjọba ti sanwó ìwé àṣẹ náà. Ilé-iṣẹ́ náà kàn kó sọ́fúwíà sórí ẹ̀rọ láìfi nọ́ńbà sí i. Ẹ fojú inú wo ẹni tó jókòó sí kíláàsì oníwákàtí méjì, tí ohùn tó ń kàwé fún un dákẹ́ lójijì, tí kò sì rí ojú ẹ̀rọ dáadáa tó láti mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀.

Ó tún ń falẹ̀. Bí mo bá sọ lẹ́tà di ńlá ní ìlọ́po mẹ́rin, màá ti gbé máòsì kọjá kí àwòrán tó tẹ̀ lé e. Màá tẹ lẹ́tà, ohùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pè é nígbà tí mo ti dé orí ọ̀rọ̀ kejì. Àbúrò mi ló wo inú ẹ̀rọ tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 8GB ni wọ́n fún yín." Mo gbé ìwé aṣàyẹ̀wò, mo gbé ìwé tí Student Finance fọwọ́ sí, 16GB ló wà nínú méjèèjì. Nígbà tí mo pe ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní irú èyí tí a kọ ti tán lọ́jà, wọ́n sì fi "èyí tó bá a dọ́gba" rọ́pò rẹ̀. Wọn kò sọ fún mi, wọn kò sọ fún aṣàyẹ̀wò. £200 tèmi, wọ́n ti gbà á ṣáájú, wọn kò sì dín kọ́bọ̀ kan níbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe bọ́ọ̀lù. Ilé-iṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ Fusion, kí n lọ bá àwọn tó ṣe Fusion. Àwọn yẹn ní ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ni nọ́ńbà wà. Student Finance ní lójú àwọn, wọ́n ti jíṣẹ́, torí mo ti buwọ́ lùwé fún awakọ̀. Olùkọ́ tí wọ́n yàn láti kọ́ mi ní lílo Fusion wọlé lórí fídíò, ó rí i pé kò sí ìwé àṣẹ. Dípò kó gba owó wákàtí yẹn lásán, ó sún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ síwájú, ó sì kọ ímeèlì ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Mi ò ní gbàgbé oore yẹn.

Ohun tó tú kókó náà ni lẹ́tà kan tí olùdámọ̀ràn àkàndá ní yunifásítì mi kọ. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó to ìlà ìwé aṣàyẹ̀wò sí apá kan, ó to ohun tí wọ́n gbé wá sí apá kejì, ó fi fọ́tò ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn láptọ́ọ̀pù sí i, ó wá fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àti Student Finance lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi pè mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo dárúkọ lókè ni. Ó wọ inú ẹ̀rọ mi láti ọ̀nà jíjìn, ó fi nọ́ńbà sí Fusion, kò gbé fóònù sílẹ̀ títí ogójì ìṣẹ́jú fi kọjá tí ohùn kò dákẹ́. Wọ́n fẹ́ kí n kọ́kọ́ dá láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ padà kí wọ́n tó fi tuntun ránṣẹ́. Mo ní rárá, pé ẹ̀rọ tí èèyàn á máa lò títí tuntun fi máa dé wà nínú wáráńtì tí wọ́n gbowó rẹ̀, wọ́n sì gbà. Láptọ́ọ̀pù 16GB dé, mọ́nítọ̀ oníhò dé, ẹni tó tò ó wá pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n sáà àkọ́kọ́ ti lọ, máàkì tí mo gbà nínú rẹ̀ wà lórí ìwé mi títí dòní. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá tò, mo rí ìdí tí wọ́n fi dá ètò yìí sílẹ̀. Mo ń fa mọ́nítọ̀ wá sójú, ZoomText ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi wẹ́rẹ́, JAWS ń ka àpilẹ̀kọ gígùn fún mi bí mo ṣe ń dáná. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni Yorùbá: ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú rẹ̀ máa ń da orúkọ wa rú, lẹ́tà tó ní àmì lórí àti nísàlẹ̀ a sì máa dà á láàmú. Mo parí ẹ̀kọ́ mi ní 2025, ẹ̀rọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, tèmi ni.

Ètò ti yí padà lẹ́yìn tèmi. Láti Oṣù Kejì 2024, ilé-iṣẹ́ méjì péré ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ fún àwọn tó ń béèrè tuntun: ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe àyẹ̀wò, ló ń kó ẹ̀rọ wá, ló ń kọ́ni. Mi ò lò ó, nítorí náà mi ò ní fún un ní ìràwọ̀. Ó yẹ kó dín fífi èèyàn ṣe bọ́ọ̀lù kù, torí ẹnu ọ̀nà kan ni. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tó kọ ohun tí o nílò ló tún máa gbé e wá. Aṣàyẹ̀wò tèmi kò ní nǹkan kan tó ń jẹ lọ́dọ̀ ọlọ́jà, ìwé rẹ̀ ló sì gbà mí sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, kó kọ̀wé béèrè kó tó wọlé, kó má dúró de ọjọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Má fi owó ara rẹ ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọn kì í sábà dá irú owó bẹ́ẹ̀ padà. Tí £200 bá ṣòro, bi yunifásítì léèrè bóyá wọ́n ní owó ìrànwọ́ tó lè gbà á. Gba ẹ̀dà ìwé aṣàyẹ̀wò, kí o sì fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ wé ohun tó wà nínú páálí. Tí awakọ̀ bá ní kí o buwọ́ lùwé, kọ "mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ. Tan sọ́fúwíà kọ̀ọ̀kan, kí o sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ju wákàtí kan lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ lórí fóònù, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn rẹ̀ pé ohun tí ẹ jọ sọ nìyí, kí o sì fi orúkọ ẹni tó dá ọ lóhùn sí i.