Àgbéyẹ̀wò: logic analyzer kékeré 24 MHz fún wíwọn iye baud

Ẹ̀rọ tí mò ń yẹ̀ wò níbí ni logic analyzer (ẹ̀rọ tó ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, tó sì ń kọ ìgbà tí fólìtì ìlà wà lókè àti ìgbà tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀) kékeré tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí ó ní ẹnu ìwọlé mẹ́jọ, tí chip CY7C68013A sì jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀, orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn náà pọ̀, ṣùgbọ́n inú gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Iṣẹ́ kan pàtó ni mò ń lò ó fún: láti mọ iye àmì tí ìlà data ń gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí à ń pè ní baud. Láti 300 baud títí dé nǹkan bí mílíọ̀nù kan, mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ohun tó ń ba èsì rẹ̀ jẹ́ kì í sábà ti inú ẹ̀rọ náà wá, ibi tí a gbé ìwọ̀n lé ni ó ti ń wá. Ẹni tó bá fi fífẹ̀ bíìtì kan ṣoṣo ṣírò ìyára yóò rí nọ́ńbà tó jọ òótọ́ tí kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ lè tó. Émile Baudot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tẹligíráàfù, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ baud. Àmì ni baud ń kà, kì í ṣe bíìtì. Módẹ́ẹ̀mù V.22bis ń fi àmì 600 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ bíìtì mẹ́rin ni àmì kọ̀ọ̀kan rù, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé bíìtì 2400. Ethernet 10 Mb/s tó ń lo ọ̀nà ìkọ bíìtì tí à ń pè ní Manchester ṣe òdìkejì rẹ̀: àmì méjì ni ó ń ná lórí bíìtì kan. Logic analyzer kò mọ̀ ju òkè àti ìsàlẹ̀ lọ. Sígínà tó bá ní ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún, tàbí ohùn módẹ́ẹ̀mù lórí wáyà tẹlifóònù, kọjá agbára rẹ̀. Ibi tí àmì kan ti jẹ́ bíìtì kan ni ó ti wúlò: ẹsẹ̀ TX (ibi tí data ti ń jáde) lára microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré inú chip kan), GPS tó ń sọ NMEA (èdè ìròyìn GPS) ní 4800 tàbí 9600, MIDI ti ohun èlò orin tó ń lọ ní 31,250, àti DMX512 ti iná orí ìtàgé tó ń lọ ní 250,000 lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi chip RS-485 gbà á sílẹ̀.

Sọ́fítíwíà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni PulseView, ọ̀fẹ́ ni. Lórí Linux, ẹ fi firmware fx2lafw (ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ náà) sí i, kí ẹ sì rí i pé òfin udev (tó ń fún yín láṣẹ lórí ẹ̀rọ USB náà) wà níbẹ̀ kí ẹ má bàa máa fi root, ìyẹn àṣẹ alábòójútó, ṣí i. Lórí Windows, ẹ lo Zadig láti fi dráífà WinUSB rọ́pò èyí tó bá wà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ PulseView kò ní rí ẹ̀rọ náà. Ohun kan tó máa ń da ènìyàn láàmú: nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti CH1, ti sọ́fítíwíà bẹ̀rẹ̀ láti D0. Wáyà tí ẹ bá ki bọ CH1, D0 ni ẹ ó ti rí i lójú kọ̀ǹpútà. Bí ìlà D1 bá dúró gbọọrọ láìmira, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Wáyà GND (ìlà ilẹ̀, 0 V) ni kí ẹ kọ́kọ́ so kí ẹ tó so ti sígínà, kí ó sì sún mọ́ ọn. Ìlà 3.3 V àti 5 V kò ní wàhálà. Ìlà 1.8 V kò dájú, nítorí a kò lè yí ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń pààlà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ padà. RS-232 gidi, ìyẹn ìlà serial ti ara kọ̀ǹpútà àtijọ́, ni kí ẹ má ṣe kì bọ̀ ọ́ rárá: ó ń lọ láti +3 sí +15 V ní apá kan, ó sì ń lọ láti −3 sí −15 V ní apá kejì, èyí tó lè sun ẹnu ìwọlé náà. Ẹ gbé chip MAX3232 sáàárín. Ó ń rẹ fólìtì sílẹ̀, ó sì ń yí sígínà náà padà tí ìlà tó sinmi yóò fi wà lókè, bí UART (ọ̀nà tí chip ń gbà fi bíìtì ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí wáyà kan) ṣe yẹ kó rí.

Ó kù ká wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń fi data ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa fi lẹ́tà U ńlá ránṣẹ́, ìyẹn 0x55. Bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀, bíìtì data àkọ́kọ́ wà lókè, èyí tó tẹ̀ lé e wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé bíìtì ìparí tó wà lókè. Kò sí bíìtì méjì tó jọra tó fara kanra. Ẹ fi 8N1 (bíìtì data mẹ́jọ, láìsí parity, ìyẹn bíìtì àfikún fún yíyẹ àṣìṣe wò, àti bíìtì ìparí kan) ṣe é, kí ẹ fi trigger (ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ gbígbà) sórí ìgbà tí D0 bá já wálẹ̀, kí ẹ yan ìyára ìwò 12 MHz (ìyẹn wíwo ìlà nígbà mílíọ̀nù méjìlá ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kí ẹ sì gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ sún mọ́ lẹ́tà kan títí tí yóò fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà yóò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú rẹ̀. Ẹ gbé kọ́sọ̀ (ìlà àmì tí à ń fi wọn àkókò lójú PulseView) kan lé ibi àkọ́kọ́ tó ti já, kí ẹ gbé ìkejì lé ibi karùn-ún. Bíìtì mẹ́jọ pérépéré ló wà láàárín wọn. Ní 9600 baud, ẹ ó rí 833.3 µs. Ní 115200, ẹ ó rí 69.44 µs. Ẹ fi àkókò náà, ní ìṣẹ́jú àáyá, pín mẹ́jọ, baud yín ti jáde. Ìdí tí mo fi ń ti ibi tó já dé ibi tó já wọ̀n ọ́n ni pé ìlà kì í sábà gòkè bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìlà open-collector (tí chip lè fà wálẹ̀ nìkan) tí resistor ń fà sókè máa ń lọ́ra láti gòkè, optocoupler (chip tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé sígínà) sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíìtì tó wà nísàlẹ̀ yóò gùn ju ti òkè lọ, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni ẹ̀rọ tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá wọn bíìtì kan ṣoṣo nínú wọn, ẹ ti kó àlébù ìlà pọ̀ mọ́ ìyára.

Ìdí kejì wà nínú ìṣirò. Ká ní 1 MHz ni ẹ fi gba 115200. Bíìtì kan fẹ̀ tó 8.68 µs, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń wo ìlà lẹ́ẹ̀kan ní 1 µs yóò sọ pé 8 tàbí 9. Pẹ̀lú 8, ẹ ó ní 125,000. Pẹ̀lú 9, ẹ ó ní 111,111. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, àárín wọn sì jìnnà. Ní 4 MHz, bíìtì mẹ́jọ gba nǹkan bí ìwò 278, àṣìṣe ìwò kan kò sì ju 0.36% lọ. Ìyẹn tó. Àwọn tó ń sáré yan 24 MHz fún gbogbo nǹkan ń fi wàhálà sọ́rùn lásán, torí ní 24 MHz, mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún báìtì ló ń gba inú okùn USB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà kò sì ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá fà sẹ́yìn díẹ̀, tàbí tí ẹ bá gba inú hub tí nǹkan mìíràn wà lórí rẹ̀, gbígbà náà yóò dá dúró láàárín ọ̀nà, PulseView á sì sọ pé ìwò tó dé kò pé. Ẹ so ó tààrà mọ́ ara kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì sọ ìyára ìwò kalẹ̀.

Tí ẹ kò bá ní àṣẹ lórí ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ, ẹ gba data tó gùn, kí ẹ wá ibi tó kúrú jù lọ nínú rẹ̀. Decoder (ètò tó ń túmọ̀ sígínà) kan wà nínú sọ́fítíwíà náà tí ń jẹ́ Guess bitrate tó ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ẹ lè pè é láti terminal báyìí:

sigrok-cli -d fx2lafw -c samplerate=4m --time 2s -C D0 -P guess_bitrate:data=D0

Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó kúrú jù láàárín ìyípadà méjì ni ó ń fi ṣe bíìtì kan. Tí kò bá sí bíìtì kan tó dá dúró nínú data náà, ìdajì ìyára ni yóò sọ. Tí ariwo bá sì gba inú wáyà tó gùn wọlé, kódà kó jẹ́ ìwò kan péré, òun ni yóò mú. Nígbà tí ẹ bá gba ìlà ní 24 MHz tí ó sọ fún yín pé 24,000,000, ẹ mọ̀ pé ariwo ni. Ẹ gé wáyà náà kúrú kó má ju ogún sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ẹ sì tún GND so.

Ẹ má sì ka lẹ́tà tó dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹ sọ ọ́ di baud. Lẹ́tà kan nínú 8N1 jẹ́ bíìtì mẹ́wàá, nítorí náà 9600 kò lè gbé ju lẹ́tà 960 lọ. Tí ẹ bá rí 700, kò túmọ̀ sí pé ìyára já. Ẹ̀rọ tó ń fi í ránṣẹ́ lè máa sinmi láàárín lẹ́tà, ìsinmi náà yóò sì hàn gbangba lójú PulseView.

Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti yẹ owó rẹ̀ jù lọ ni nígbà tí àwọn méjì bá jọ ń pe ara wọn ní 115200 tí wọn kò sì gbọ́ ara wọn yé. AVR (irú microcontroller kan) tó ń lo crystal 16 MHz kò lè ṣe 115200 gan-an: pẹ̀lú UBRR (nọ́ńbà tó fi ń pín aago rẹ̀ di baud) 8, 111,111 ló ń ṣe, ìyẹn 3.5% sísàlẹ̀, tí ẹ bá tan U2X (tó ń sọ ìyára di ìlọ́po méjì) pẹ̀lú UBRR 16, ó di 117,647, ìyẹn 2.1% sókè. Lójú kọ́sọ̀, bíìtì mẹ́jọ yóò jẹ́ 72 µs ní àkọ́kọ́ àti 68 µs ní ìkejì, a kì í sì í ṣì í mọ̀. Ẹni tó ń gbà á ń wo àárín bíìtì, láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ dé àárín bíìtì ìparí sì jẹ́ bíìtì mẹ́sàn-án àbọ̀, nítorí náà tí àṣìṣe àwọn méjèèjì bá kó jọ tó nǹkan bí 5%, ó ti bọ́ sórí bíìtì mìíràn. Mo máa ń fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má kọjá 2%. ESP8266 (chip Wi-Fi kan) tó ń lo crystal 26 MHz náà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 74,880, kò sì sí nínú àkójọ ìyára tí ọ̀pọ̀ terminal ń fún yín láti yan. Kọ́sọ̀ ló ń tú u fó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ sínú decoder UART kí ẹ wo bí lẹ́tà ṣe ń jáde. Tí frame error (àṣìṣe tó ń yọ nígbà tí bíìtì ìparí kò bá sí níbi tó yẹ) bá ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ pé bíìtì tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà ló ń bàjẹ́, ìyára ló ṣì sún díẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá dà rú láti lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ wo parity, tàbí kí ẹ wò ó bóyá ìlà náà ti yí sódì.

Fún àwọn tó fẹ́ mọ̀ bóyá aago inú ẹ̀rọ wọn péye, ẹsẹ̀ PPS (tó ń lù lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) lára GPS tó ti rí sátẹ́láìtì ti tó: ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ní 1 MHz, kí ẹ sì wo bí àlàfo ibi tó gòkè sí ibi tó gòkè ṣe súnmọ́ ìṣẹ́jú àáyá kan sí. Fún UART, kékeré ni àṣìṣe tí ẹ ó rí, kò lè yí ìpinnu kankan padà.

Tí iṣẹ́ yín bá ju mílíọ̀nù kan baud lọ dáadáa, ẹ wá èyí tó ń wo ìlà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ju báyìí lọ. Ní 3 Mbaud, bíìtì kan kò ní ju ìwò mẹ́jọ lọ. Tí ó bá sì jẹ́ pé bí ìlà ṣe ń gòkè ni ẹ fẹ́ rí, oscilloscope ni kí ẹ fi owó yín rà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń ra èyí, ẹ ṣí i wò tàbí kí ẹ bèèrè fọ́tò inú rẹ̀. Chip ẹlẹ́sẹ̀ ogún kan, 74HC245 tàbí irú rẹ̀, yẹ kó wà láàárín ẹsẹ̀ ìwọlé àti chip ńlá. Òun ni àṣìṣe fólìtì yóò kọ́kọ́ bà, ó sì rọrùn láti pààrọ̀. Èyí tí kò bá ní in, wáyà kan tó bá ṣìnà ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.