Third party àbí comprehensive: èwo ló yẹ ilé tọ́mọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa mọ́tò?

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 18 tó sì ti gba láísẹ́ńsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún inṣọ́ránsì mọ́tò yín yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Third party ni òfin Nàìjíríà sọ di dandan, ₦15,000 lọ́dún fún mọ́tò ara ẹni látọdún 2023, ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Ká ní ọmọ lọ gbá jíìpù onijíìpù lẹ́yìn nínú gosiló, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì á bá onítọ̀hún tún tiẹ̀ ṣe, owó tí wọ́n máa san ò ṣáà ní ju ₦3 mílíọ̀nù lọ, wọ́n sì máa dúró fún ẹlòmíì tó bá farapa. Tiyín ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa wọ́ ọ lọ bá panẹ́lì bítà. Tólè bá gbé e tàbí tó jóná, ẹ ò rí kọ́bọ̀ gbà.

Comprehensive ń tún tiyín náà ṣe, tolè tiná wà níbẹ̀, àmọ́ ó wọ́n gan-an, iye ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní 5% iye mọ́tò, ìyẹn ₦400,000 lọ́dún lórí mọ́tò ₦8 mílíọ̀nù. Ẹ má tìtorí ẹ̀ pe mọ́tò náà ní ₦4 mílíọ̀nù o! Tí àtúnṣe bá jẹ́ ₦1 mílíọ̀nù, ìdajì péré ni wọ́n lè san, torí ìdajì mọ́tò lẹ sanwó lé. Ẹ tún bi wọ́n nípa excess, owó tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ yọ lápò ara yín kí wọ́n tó fi tiwọn kún un, àwọn kan máa ń gbé e sókè tó bá jẹ́ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ńsì ló wà á. Ẹ bi wọ́n bóyá àgbàrá òjò náà wà níbẹ̀, ará Lẹ́kí mọ ohun tí mò ń wí.

Lójú tèmi, tó bá jẹ́ mọ́tò tó ti gbó lọmọ á máa wà, third party ti tó, ẹ kàn máa tọ́jú owó àtúnṣe pamọ́. Tó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni, tẹ́ ẹ ò ní lè ra òmíì tó bá bàjẹ́, comprehensive ni kẹ́ ẹ ṣe.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ sọ fún wọn pọ́mọ á máa wà á, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Tí ò bá ní láísẹ́ńsì gidi lọ́jọ́ tó forí sọ nǹkan, wọ́n lè kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò san. Tẹ́ ẹ bá ti gba ìwé inṣọ́ránsì yẹn, ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò yẹ̀ ẹ́ wò lórí askNIID, ìkànnì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá inṣọ́ránsì mọ́tò jẹ́ ojúlówó, torí fèékì pọ̀ níta.